Òṣùwọ̀n láàbù ní Code 10, oscilloscope pòórá lójú NI-VISA: driver ni àbí kí ni?

igo_ìdánwò

Ẹ kú iṣẹ́ o. Irinṣẹ́ méjì ló wà lórí tábìlì, méjèèjì ló kọ̀ jálẹ̀. Èkíní ni òṣùwọ̀n tó ní ẹnu RS-232 (irú ẹnu serial àtijọ́) oní-pin mẹ́sàn-án. Okùn USB sí serial la fi so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Lórí Windows 10, kò sí wàhálà. A gbé e lọ sórí Windows 11, Device Manager fi àmì ìyanu oníyẹ́lò sí i, ó ní Code 10, ìyẹn ni pé irinṣẹ́ náà ò lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èkejì ni oscilloscope (irinṣẹ́ tó ń ya ìgbì iná sójú) tó ní ẹnu USB lẹ́yìn. NI-VISA (software tí kọ̀ǹpútà fi ń bá irinṣẹ́ láàbù sọ̀rọ̀) ń rí i tẹ́lẹ̀. Mo fi Zadig (software tó ń pààrọ̀ driver USB) gbé WinUSB, driver USB gbogbogbòò ti Windows, lé e, NI-VISA ò rí i mọ́. Mo ti yọ driver, mo tún un fi sí, mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn. Pàbó ló já sí. Ibo ni kí n ti mú un?

wáyà_pupa

Ẹ fi driver sílẹ̀ ná. Ẹ kọ́kọ́ mọ chip tó wà nínú okùn yẹn, torí ohun tí wọ́n kọ sára páálí kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ohun tó wà nínú. Nínú Device Manager, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún mouse tẹ orúkọ rẹ̀, ẹ wọ Properties, lẹ́yìn náà Details, kí ẹ yan Hardware Ids. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé VID ló ń sọ ẹni tó ni ín: 0403 ni FTDI, 067B ni Prolific, 1A86 ni QinHeng tó ń ṣe CH340, 10C4 ni Silicon Labs tó ń ṣe CP210x.

Bó bá jẹ́ 067B, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé PL2303HXA tàbí ayédèrú rẹ̀ ni. Chip àtijọ́ ni, driver Prolific tuntun kì í gbà á wọlé mọ́. Ẹ fara balẹ̀ ka orúkọ tí Device Manager kọ: ó lè ti kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé PL2303HXA PHASED OUT SINCE 2012. Windows Update ló ń gbé driver tuntun yẹn wọlé láìbi yín. Ẹ lè padà sí ti àtijọ́: Update driver, Browse my computer, Let me pick, kí ẹ yan èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti pẹ́ jù nínú àwọn tó bá wà níbẹ̀. Ó lè ṣiṣẹ́, àmọ́ bí Windows Update bá tún kọjá, ẹ ó padà síbi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ní tèmi, okùn oní-FTDI ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀.

Okùn tuntun máa gba nọ́ńbà COM (orúkọ tí Windows fún ẹnu serial) tuntun, software òṣùwọ̀n á sì máa kan ilẹ̀kùn àtijọ́. Port Settings, Advanced, COM Port Number lẹ ti máa dá a padà. Bí Windows bá ní ẹlòmíì ń lo nọ́ńbà yẹn, okùn tẹ́ ẹ ti yọ ló ṣì dì í mú. Ẹ wọ View, Show hidden devices, kí ẹ pa á rẹ́ níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó kọjá COM9. Láti COM10 sókè, software gbọ́dọ̀ pè é ní `\\.\COM10`, ọ̀pọ̀ èyí tó ti pẹ́ ò sì mọ ìyẹn.

ìhò_mẹ́sàn-án

Mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kí ẹ tó so òṣùwọ̀n padà, ẹ dán okùn nìkan wò. Ẹ kọjú ẹnu rẹ̀ sí ara yín, kí ìlà oní-pin márùn-ún wà lókè. Ẹ ka láti ọwọ́ òsì, ẹ fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan so pin 2 mọ́ pin 3. Ẹ ṣí PuTTY, software tó lè bá ẹnu serial sọ̀rọ̀, sí Serial. Lábẹ́ Terminal, ẹ fi Local echo sí Force off, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ PuTTY fúnra rẹ̀ lè máa kọ ohun tẹ́ ẹ tẹ̀ sójú, kó sì tàn yín jẹ. Ẹ wá tẹ lẹ́tà mélòó kan. Bí wọ́n bá ń padà wá sójú kọ̀ǹpútà, tí wọn ò sì wá mọ́ nígbà tẹ́ ẹ yọ wáyà, driver, chip àti okùn ti yege. Ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan driver mọ́ láti ibẹ̀ lọ.

Bí òṣùwọ̀n bá ṣì dákẹ́ lọ rangandan, ó ṣeé ṣe kí pin 3 máa ránṣẹ́ sí pin 3, méjèèjì ń ránṣẹ́, kò sí èyí tó ń gbà. Okùn null modem tó pààrọ̀ 2 àti 3 ló máa tún un ṣe. Pin 5 (ground) máa bá pin 5 lọ tààrà. Tàbí kẹ̀, òṣùwọ̀n ń dúró de CTS (àmì pé kó máa ránṣẹ́): ẹ pa handshake, ìyẹn dídúró de irú àmì bẹ́ẹ̀, nínú menu rẹ̀. Bó bá jẹ́ wúruwùru ló ń kọ, baud (ìyára ìfiránṣẹ́) tàbí parity (bit tó ń yẹ àṣìṣe wò) ni ò bára mu. Ẹ wo menu, ẹ má méfò. 9600, bit 8, láìsí parity kì í ṣe òfin. Òṣùwọ̀n wà tó jẹ́ 2400, bit 7, parity even.

Nǹkan kékeré kan tó ń jẹ wákàtí: bẹ́ ẹ bá tẹ Enter nínú PuTTY, CR (àmì ìparí ìlà) nìkan ló ń rán. Òṣùwọ̀n tó ń retí CR àti LF (àmì ìlà tuntun) á kàn máa wò yín ni. Ẹ tẹ Enter, kí ẹ fi Ctrl+J, tó ń rán LF, tẹ̀ lé e.

àwòrán_ìgbì

Ti oscilloscope: Zadig lẹ fi lé NI-VISA jáde nílé. Driver kan ṣoṣo ni Windows ń gbà láàyè lórí interface USB kan. Bí WinUSB bá ti jókòó, driver USBTMC (ti irinṣẹ́ ìwọ̀n oní-USB) tí NI-VISA ń lò ò ráyè mọ́. Tẹ́ ẹ bá kàn tún NI-VISA fi sí, WinUSB ò ní kúrò, ìdí nìyẹn tó fi já sí pàbó.

Nínú Device Manager, ẹ wá oscilloscope lábẹ́ Universal Serial Bus devices, ẹ yan Uninstall device, kí ẹ sì fàmì sí àpótí tó ní kí wọ́n yọ driver náà kúrò. Àpótí yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbójú fò. Ẹ yọ okùn, ẹ tún un kì bọ̀ ọ́. Bó bá tún padà bíi WinUSB, ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, ẹ tẹ `pnputil /enum-drivers`, ẹ wá èyí tí Provider rẹ̀ jẹ́ libwdi (orúkọ tí Zadig ń fi sí driver), tó sì jẹ́ ti oscilloscope náà. Bó bá jẹ́ oem12.inf, ẹ tẹ `pnputil /delete-driver oem12.inf /uninstall`. Nígbà tó bá bọ́ sípò, ẹ máa rí i lábẹ́ USB Test and Measurement Devices, `list_resources()` nínú PyVISA (tí Python fi ń lo VISA) á sì gbé orúkọ kan jáde tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú USB0, tó parí sí INSTR. Ẹ fi `*IDN?`, àṣẹ tó ń bi í pé kí ló ń jẹ́, kí i.

Pyvisa-py, tó ń ṣiṣẹ́ láìsí NI-VISA, ló nílò WinUSB, kì í ṣe NI-VISA. Ẹ mú ọ̀kan.

igo_ìdánwò

067B ni lóòótọ́. Mo ti fi okùn FTDI rọ́pò rẹ̀, 2400, bit 7, even, òṣùwọ̀n ń sọ̀rọ̀. Oscilloscope ti padà sí INSTR. Ó ku ẹyọ kan: tí òṣùwọ̀n bá wà láìṣe nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀, COM á sálọ, àfi kí n yọ okùn kí n tún un kì bọ̀ ọ́.

wáyà_pupa

Windows ló ń pa ẹnu USB yẹn láti fi iná pamọ́. Ẹ lọ sí USB Root Hub nínú Device Manager, Power Management, ẹ yọ àmì kúrò níwájú Allow the computer to turn off this device. Ẹ pa USB selective suspend náà nínú Power Options. Bí hub bá wà láàárín, ẹ yọ ọ́, kí okùn wọ kọ̀ǹpútà tààrà.