Kì í ṣe gbogbo àyẹ̀wò ni "ìtẹ̀ka àbùdá"

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀gbọ́n wa ní Yaba dábàá pé ká máa pe àyẹ̀wò DNA tí wọ́n fi ń wá àrùn fọ́ńgọ́ọ̀sì lára irúgbìn àlìkámà ní "ìtẹ̀ka àbùdá" (DNA fingerprinting). Ó dùn létí, ó sì bá ibì kan mu: nígbà tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá fọ́ńgọ́ọ̀sì oko méjì jẹ́ ìran kan náà. Ìlà tí DNA ń yà sórí jẹ́ẹ̀lì láàbù ni wọ́n ń fi wéra níbẹ̀, bí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Alec Jeffreys ṣe fi DNA ènìyàn wéra ní Leicester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1984.

Àmọ́ ohun tí wọ́n sábà ń bi láàbù ni pé, "Kí lèyí?" Ẹ wo Tilletia indica, fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ń mú àlìkámà rùn bí ẹja. Wọ́n á fi omi fọ 50 gíráàmù irúgbìn, wọ́n á da omi náà gba inú asẹ́ tí ihò rẹ̀ jẹ́ máíkírọ̀nù 53, kí pàǹtírí dúró sókè, lẹ́yìn náà asẹ́ máíkírọ̀nù 20, tí sípóò (hóró wóńwé tí fọ́ńgọ́ọ̀sì fi ń bí sí i) kò lè gbà kọjá. Sípóò T. walkeri, ìbátan rẹ̀ tó jẹ́ ti koríko, jọ ọ́ débi pé ojú lásán lórí maikirosikópù lè ṣìnà. PCR, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ DNA díẹ̀ di púpọ̀ kí wọ́n lè rí i, ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. "Ó wà" tàbí "kò sí" ni èsì rẹ̀. Ta ló tẹ̀ka? Mo dábàá "ìdámọ̀ irú" fún èyí.

"Lára irúgbìn" náà ń kọ mí lóminú. Ustilago tritici, fọ́ńgọ́ọ̀sì àlìkámà mìíràn, kì í gbé ara, inú ọlẹ̀ irúgbìn ló ń sùn sí. Ẹ fọ̀ ọ́ títí ilẹ̀ ó fi ṣú, kò ní jáde. Lílọ̀ ni wọ́n ń lọ irúgbìn náà kí wọ́n tó yọ DNA. "Nínú" ló yẹ ibẹ̀. Àlìkámà tó ń gúnlẹ̀ sí Àpápá fún ìyẹ̀fun ńkọ́? Hóró nìyẹn, ẹ má pè é ní irúgbìn.

Èsì láti Yaba:

Àbúrò, o ṣeun. Mo gbà lórí ìtẹ̀ka. Ṣùgbọ́n bí "irú" àti "irúgbìn" bá pàdé nínú gbólóhùn kan lórí rédíò, wọ́n á rò pé irúgbìn la fẹ́ dá mọ̀. "Ìdámọ̀ ẹ̀yà" ni kó jẹ́. Má sì kọ "àrùn wà" sínú èsì PCR. Kò mọ òkú yàtọ̀ sí alààyè: irúgbìn tí oògùn ti pa fọ́ńgọ́ọ̀sì ara rẹ̀ ṣì lè mú "ó wà" jáde. "Àbùdá rẹ̀ wà" ni kí o kọ, kí wọ́n wá gbin fọ́ńgọ́ọ̀sì náà sínú àwo láàbù wò bóyá yóò hù.