Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé tábìlì tíì àtijọ́ gidi ni mo rà yìí?

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa àga àti tábìlì àtijọ́. Lọ́ndọ́nù ni mo wà. Mo ra tábìlì tíì roboto kan, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ní 60 pọ́n-ùn lọ́wọ́ ìyá àgbàlagbà kan tó ń kó kúrò nílé. Ojú rẹ̀ ṣeé dà dúró, kí wọ́n lè gbé e ti ògiri tí wọ́n bá mu tíì tán, irú èyí táwọn Gẹ̀ẹ́sì ń kàn ní nǹkan bí ọdún 1750.

Káfíńtà ni bàbá mi, igi ọ̀gánwó ló sì fẹ́ràn jù, nítorí náà ojú mi mọ igi díẹ̀. Mo wọn tábìlì náà: ìbú rẹ̀, ìyẹn ní ìdábùú fọ́nrán igi, fi bíi sẹ̀ǹtímítà kan kéré sí òòró rẹ̀. Igi máa ń súnkì ní ìbú bó bá ti ń pẹ́, kì í súnkì ní òòró. Inú mi dùn!

Etí rẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ló ń kọ mí lóminú. Pákó tó nípọn ni wọ́n máa ń gbẹ́ wálẹ̀ láyé ọjọ́un kí etí náà tó yọ. Àwọn kan wá padà gbẹ́ tábìlì pẹlẹbẹ lẹ́yìn náà kó lè wówó. Tèmi fẹ́lẹ́ láàárín, ihò ìṣó kan sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lu síta láti abẹ́.

Ṣé wọ́n tún un gbẹ́ ni? Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá ojú àti ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ wá láti ìbẹ̀rẹ̀? Ọmọ mi ti gbé sáńpépà, ó fẹ́ ha á kó lè dán. Mo ní kó fi sílẹ̀ ná. Ṣé mo ṣe dáadáa?