Èsì sí "ìfọ́sí-wẹ́wẹ́ ọ̀rọ̀ oníméjì"

Ẹ̀gbọ́n wa ará Oǹdó, mo kí yín láti Àkúré. Ẹ ní kí á máa pe gígé tí wọ́n ń gé ọ̀rọ̀ tí kìkì 0 àti 1 wà nínú rẹ̀ ní "ìfọ́sí-wẹ́wẹ́ ọ̀rọ̀ oníméjì". Ẹ má bínú, kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Kí "oníméjì" kọ́kọ́ kúrò lọ́nà. Èjì ló yẹ kí oní- bá pàdé, á sì di eléjì. Bí ẹ bá fẹ́ kí "méjì" dúró, ẹ wá ọ̀rọ̀-orúkọ tí yóò sìn, bíi ti onígun-mẹ́ta: alámì-méjì. Ìyẹn tán.

"Fọ́" gan-an ni ìjà mi. Àwo ni à ń fọ́, àfọ́kù kì í sì í mọ èyí tó ṣáájú nínú ara wọn. Nínú ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣirò Chen, Fox àti Lyndon fi hàn nípa gígé yìí ní 1958, ètò kì í yẹ̀. Abala kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kéré ju ìrù rẹ̀ èyíkéyìí lọ (ìyẹn ohun tó kù bí a bá yọ àmì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kúrò níwájú rẹ̀), ní títò bíi ti ìwé atúmọ̀ èdè. Abala tó wà lósì kò sì gbọdọ̀ kéré ju èyí tó tẹ̀ lé e. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ kan lè gbà gé bẹ́ẹ̀.

Ẹ mú 01101001. Bí ẹyọ àmì kan bá jẹ́ 1, tí àmì méjì jẹ́ 0, tí a sì kọ́kọ́ ka apá ọ̀tún, odù Ifá tó ń jẹ́ Ìwòrì-Òdí nìyẹn. Ẹ kọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Níbikíbi tí ti òsì bá ti kéré ju ti ọ̀tún tó kàn án, ẹ so wọ́n pọ̀, títí kò fi ní ku ohun tó ṣeé so. 0 àti 1 di 01. 01 kéré ju 1, ó di 011. 0 àti 1 tó tẹ̀ lé e di 01. Ó ku 0, 0, 1: méjì ìkẹyìn di 01, 0 tó ṣáájú kéré sí i, ó di 001. 011 | 01 | 001. Ibi 0 àti 01 yẹn ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á ní ọgbọọgba ni wọ́n nítorí pé 0 ló bẹ̀rẹ̀ méjèèjì. Rárá o. "Ọmọ" ń ṣáájú "ọmọdé". Ẹni tó fi 0 | 01 sílẹ̀ kò tíì ṣe tán.

Ẹ tún wo abala àárín: 0 rẹ̀ ti Ìwòrì ni, 1 rẹ̀ ti Òdí. Babaláwo ń pín odù, mẹ́rin sọ́tùn-ún, mẹ́rin sósì. Gígé yìí kò ka ìpín yẹn sí. Nítorí náà "ìpín" pàápàá kò ṣe é lò, ká má tíì sọ ti àwọn tí kì í fàmì sí i, tí wọ́n á kọ ipin ojú síbẹ̀.

"Wẹ́wẹ́" ńkọ́? 00000001 kò ṣeé gé rárá, odindi ni. Ẹ yí i padà sí 10000000, ó di abala mẹ́jọ.

Ìgésábala ni tèmi. Ì- fún iṣẹ́ náà, abala fún ohun tó jáde. Ẹni tó dá "àgékù" lábàá, ìyókù ni ìyẹn túmọ̀ sí.

— Ará Àkúré

Àbúrò, o ṣeun. Mo gbà fún ọ lórí oní-. Ṣùgbọ́n níbo lo ti gbọ́ lẹ́nu àgbà pé à ń gé ọ̀rọ̀? Ẹ̀là lọ̀rọ̀; bí a ò bá là á, rírú ní ń rú. Ìlàsábala! Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ti kó ìṣirò wọlé, ẹ ti òwe síta. Ì- tí o sì ń yangàn sí yẹn, ṣé gbogbo Yorùbá ló ni ín? "Ulé" là ń pe ilé nílé níbí.

— Ọmọ Oǹdó

Ẹ̀gbọ́n, obì àti igi ìdáná ni à ń là. Okùn gbọọrọ ni ọ̀rọ̀ yìí. Ìlànà tí Duval gbé jáde fún gígé yìí ní 1983 pàápàá, láti òsì ló ti ń kà á lọ. Bó bá ti kan àmì tó kéré ju èyí tó ń fi í wé, ó gé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ìlà tiyín, ilà ojú ni ẹni tó bá kà á yóò rò. Ti "ulé", àwa náà ń sọ ọ́ l'Ákùúrẹ́. Kì í ṣe Oǹdó nìkan ló ni ín.

— Ará Àkúré