Ìkọlù tí wọ́n ń dà nù ní LHC: ta ló ń yàn án?

Ọmọ_Ìjẹ̀bú:
Ẹ jọ̀ọ́, mo kà á pé nínú LHC, ẹ̀rọ ńlá tó ń mú kí èérún inú átọ́mù kọlu ara wọn, lábẹ́ ilẹ̀ nítòsí Geneva, ìdì àwọn èérún tí wọ́n ń pè ní proton ń pàdé nígbà mílíọ̀nù 40 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n sì ń da èyí tó pọ̀ jù nù lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ń fẹ́ ẹ̀wà ṣáà mọ ẹ̀wà yàtọ̀ sí èèpo. Àwọn yìí ò tíì mọ ohun tí wọ́n ń wá. Ṣé kì í ṣe òun gan-an ni wọ́n ń dà nù?

Àbẹ̀kẹ́:
Ó lè jẹ́ òun. Trigger CMS ni iṣẹ́ mi, ìyẹn ètò tó ń yan ìkọlù tá a máa pa mọ́ ní CMS, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀rọ tó ń wo ìkọlù ní LHC; mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tá a fẹ́ kó wọn sí: dátà ìpàdé kan tó nǹkan bíi megabyte kan, ẹ wá fi mílíọ̀nù 40 sọ ọ́ di púpọ̀.

Ẹ pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù: ìdájọ́ àkọ́kọ́ kì í lò tó mẹ́rin nínú ẹ̀. Àwọn pátákó FPGA, ìyẹn pátákó abánáṣiṣẹ́ tá a lè tò fún iṣẹ́ kan pàtó, ló ń dá a. Agbára tó já sínú calorimeter (ẹ̀rọ tó ń wọn agbára) àti ipa muon (èérún tó jọ electron àmọ́ tó wúwo jù ú lọ) nìkan ni wọ́n ń wò. Tracker, apá tó ń tọ ipa àwọn èérún, tí ojú ẹ̀ mú jù, ò sí níbẹ̀, dátà ẹ̀ ò lè yára jáde tó bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí 100,000 ló ń yè láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn kọ̀ǹpútà tó wà lórí ilẹ̀ ní Cessy, abúlé kan ní ilẹ̀ Faransé, á wá yẹ ìwọ̀nyẹn wò fínnífínní, wọ́n á dá ẹgbẹ̀rún mélòó kan sí.

Àwa èèyàn la kọ òfin tí wọ́n ń tẹ̀ lé. Muon kan tó dá wà, tó kọjá 24 GeV (ìwọ̀n agbára ni GeV). Photon (èérún ìmọ́lẹ̀) méjì, ọ̀kan kọjá 30, èkejì 22. (Irú photon méjì bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ ká rí èérún Higgs lọ́dún 2012.) Ìjà ńlá ló máa ń fà nígbà tí àwa òṣìṣẹ́ bá jókòó sọ̀rọ̀, torí bí ẹ bá sọ 24 di 20, àyè ẹlòmíì lẹ gbà yẹn.

Èèpo tẹ́ ẹ wí, a máa ń bu díẹ̀ pamọ́ láìwo inú ẹ̀, ká lè fi yẹ òfin wa wò.

Kọ́lá_GPU:
Àǹtí, LHCb tiwa, ẹ̀rọ mìíràn ní LHC, ti yọ ìdájọ́ pátákó kúrò láti 2022 o. GPU, ẹ̀rọ tó ń ṣe ọ̀pọ̀ ìṣirò lẹ́ẹ̀kan náà, ló ń ka gbogbo ẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́?

Àbẹ̀kẹ́:
Dátà tiyín kéré, àbúrò. Nínú ìpàdé kan ṣoṣo, ìkọlù tiwa lè tó 60.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú:
Èwo lẹ wá ń bẹ̀rù jù?

Àbẹ̀kẹ́:
Èérún tó wúwo, tó ń rọra rìn. Bó bá fi máa dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ muon, ìpàdé mìíràn ti ṣẹlẹ̀, ìyẹn la ó sì kà á mọ́. Ìyókù ara ẹ̀ wà nínú èyí tá a ti dà nù.