Ẹ̀yin àgbà ọdẹ, kí ló ń ṣe ṣakabùlà mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ti ń dẹ ọ̀yà, ṣakabùlà tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mò ń lò. Tí mo bá kọ́kọ́ yìn ín, ibi tí mo fojú sùn gan-an ló ń bà. Tó bá di ẹ̀kẹta, ọta á gbòkè lọ. Ìdérí ìgò kan náà ni mo fi ń wọn ẹ̀tù, mi ò kì í fojú díwọ̀n. Mo sì ń fi ọ̀pá kì í dáadáa, torí àlàfo láàárín ẹ̀tù àti ọta lè mú kí ìbọn bẹ́. Lánàá tí mo ti àkísà bọ ẹnu rẹ̀, èérí tó jáde ki bí ọ̀dà! Ṣé èérí yìí ni, àbí òjò ti mú ẹ̀tù rin? Ṣé kí n máa nù ún lẹ́yìn ìyìn kọ̀ọ̀kan, àbí kí n dín ẹ̀tù kù?