"Eré ìbànújẹ́" àti "àlébù" ò bá trájẹ́dì mu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ látàárọ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ tá a máa fi kọ́ àwọn ọmọ ní eré oníṣe. Ìran fún scene, mo fara mọ́ ọn, ẹ̀dá ìtàn náà dáa, ìsọ̀rọ̀gbèsì ti wọlé tipẹ́, kò sẹ́ni tó ń bá a jà. Ibi tí mi ò ti lè dákẹ́ ni ibi tí bàbá wa kan ti ní ká máa pe trájẹ́dì, ìyẹn eré tí olú ẹ̀dá ìtàn ti máa ń fọwọ́ ara ẹ̀ ṣubú, ní "eré ìbànújẹ́", ká sì pe hamartia, ìyẹn ohun tó máa ń gbé olú ẹ̀dá ìtàn ṣubú, ní "àlébù". Mo dọ̀bálẹ̀ sà, ẹ má bínú, àmọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì máa ṣi àwọn ọmọ lọ́nà ni.

Ọ̀yọ́ níbí ni mo ti ń kọ́ wọn ní lítíréṣọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo kọ "eré ìbànújẹ́" sójú bọ́ọ̀dù, mo ní kí wọ́n dárúkọ ọ̀kan fún mi, ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ló nawọ́, ó ní Baṣọ̀run Gáà. Kò tíì jókòó tí èyí tó wà lẹ́yìn ẹ̀ fi ní, "Sà, ìbànújẹ́ ta ni? Ṣebí inú gbogbo ìlú ló dùn nígbà tí wọ́n pa á!" Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, torí òótọ́ lọmọ yẹn sọ, ohun tí mo kọ sójú bọ́ọ̀dù ni ò dáa.

L'Ọ́yọ̀ọ́ níbí, ta ni ò mọ bí Gáà ṣe parí? Ó ti dòwe: bí o láyà o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà o ṣòótọ́. Ọkùnrin tó ń fọba jẹ tó tún ń pa ọba, Aláàfin Abíọ́dún ló padà borí ẹ̀ ní 1774. Tá a bá wá lọ wo eré tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ lórí ẹ̀, a ò lọ wò ó bóyá ó máa kú, bó ṣe ń fọwọ́ ara ẹ̀ fa ikú náà la lọ wò. Àwọn Gíríìkì tó ni ọ̀rọ̀ náà gan-an, "orin òbúkọ" ni trájẹ́dì lédè wọn, kò sẹ́kún nínú ẹ̀ rárá. "Eré ìṣubú" ni mo fara mọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì ti ń sọ̀rọ̀ ìṣubú Ádámù tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó rò pé òkúta ló gbé Ádámù ṣubú.

Ti hamartia ló wà lọ́kàn mi jù. Àlébù, ara èèyàn ló máa ń wà, kò sẹ́ni tí ò ní. Àmọ́ lédè Gíríìkì, ọ̀rọ̀ tafàtafà ni, kéèyàn ta ọfà kó má bá ohun tó fojú sùn. Àwa náà ní in, ojoojúmọ́ làwọn ọdẹ ń sọ ọ́: ó tàsé. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ìtàsé! Ẹ gbé e lé Gáà wò. Bí wọ́n ṣe ń pa á nítàn fún wa, àgbọ̀nyín ni wọ́n ní kó fi ṣètùtù, ẹran inú igbó, wọ́n wá a títí wọn ò rí, ló bá mú Àgbọ̀nyín ọmọ Abíọ́dún, ó pa á. Etí gbọ́ orúkọ ẹran, ọwọ́ lọ bá ọmọ ọba. Ibẹ̀ ni sùúrù bàbá ọmọ tán sí.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ní Aristotle, ọ̀mọ̀ràn Gíríìkì àtijọ́ tó kọ̀wé lórí trájẹ́dì, ò ní gba Gáà wọlé, torí ó ní bí ìkà bá ṣubú, àánú ẹ̀ kì í ṣeni. Mo gbà. Ẹ jẹ́ ká mú Ẹlẹ́ṣin Ọba nígbà náà, nínú Death and the King's Horseman, eré tí Ṣóyínká tẹ̀ jáde ní 1975, tó jẹ́ pé ìlú wa níbí ló ti ṣẹlẹ̀. Ẹlẹ́ṣin kì í ṣe ìkà, ayé ló dùn mọ́ ọn. Ọba ti wàjà, àṣà sì ni pé kí Ẹlẹ́ṣin kú tẹ̀ lé e; alẹ́ ọjọ́ tó yẹ kó bá ọba lọ ló ní òun fẹ́ ìyàwó, ibi tó ti ń fà sẹ́yìn ni òyìnbó ti ká a mọ́. Àwọn ọmọ mi máa ń kọ ọ́ pé òyìnbó ló ba nǹkan jẹ́, bẹ́ẹ̀ Ṣóyínká fúnra ẹ̀ kọ ọ́ síwájú ìwé pé ọwọ́ òyìnbó kàn dá a sílẹ̀ ni, pé ibẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Tẹ́ ẹ bá fún ọmọ ní "àlébù", á kọ "Ẹlẹ́ṣin fẹ́ràn obìnrin", á sì gbé bírò sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fún un ní ìtàsé, á bi ara ẹ̀ pé kí ni Ẹlẹ́ṣin fojú sùn, ibo ni ọfà wá balẹ̀ sí. Orí Olúńdé ló balẹ̀ sí, ọmọ ẹ̀, tó kú dípò bàbá.

Mo ti pa "eré ìbànújẹ́" rẹ́ lójú bọ́ọ̀dù. Bàbá, tó bá jẹ́ àlébù lẹ ṣì fẹ́, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fi ṣàlàyé ikú Olúńdé fún mi, mo ń retí yín.