Ìdè Ifá lọ́rùn ọwọ́ nọ́ọ̀sì: kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè, láti Manchester:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín o. Bàbá mi ló so ìdè Ifá mọ́ mi lọ́wọ́ òsì kí n tó kúrò ní Ọ̀yọ́, ìlẹ̀kẹ̀ òtútù òun ọ̀pọ̀n bó ṣe yẹ. Ọ̀gá mi ní wọ́ọ̀dù ní kí n bọ́ ọ, ọmọ Yorùbá ẹlẹgbẹ́ mi kan sì ń sọ kiri pé oògùn ni. Ó dùn mí gan-an.

Èsì, láti London:
Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Ti ẹlẹgbẹ́ rẹ yàtọ̀, ṣùgbọ́n má bínú sí ọ̀gá rẹ, nítorí ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ni: ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn níbí kì í wọ nǹkan kan láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọwọ́, àfi òrùka lásán tí kò ní òkúta. Mo wo ìdè tèmi lẹ́yìn iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, okùn rẹ̀ rin gbindin, ọṣẹ sì ti gbẹ mọ́ àárín ìlẹ̀kẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 2013, Ilé-Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù dá Nadia Eweida, òṣìṣẹ́ British Airways, láre lórí àgbélébùú kékeré tó ń wọ̀ sọ́rùn, ṣùgbọ́n Shirley Chaplin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì kò jàre, torí pé aláìsàn lè fa ẹ̀wọ̀n ọrùn rẹ̀, tàbí kí àgbélébùú náà kan ojú egbò. Ilé ìwòsàn rẹ̀ ti kọ́kọ́ ní kí ó fi pín-ìn-nì kan án mọ́ aṣọ, ó kọ̀. Bí wọ́n bá fi irú àyè bẹ́ẹ̀ lọ̀ ọ́, ìwọ má kọ̀ ọ́. Kọ lẹ́tà sí ọ̀gá rẹ, sọ pé ohun ẹ̀sìn ni, kí o sì béèrè ibi tí o lè fi í sí, nítorí òfin ọdún 2010 lórí ìdọ́gba dáàbò bo ẹ̀sìn tiwa náà.

Èsì, láti Miami:
Ìlẹ̀kẹ̀ àwọ̀ ewé àti ìyeyè ni àwọn ará Cuba ń so fún Ọ̀rúnmìlà, tí wọ́n ń pè ní Orula. Ọmọ mi ra irú rẹ̀ lọ́jà torí pé ó jọ àwọ̀ àsíá Brazil, ni bàbá arúgbó kan bá kí i ní ìsọ̀ ẹlẹ́ran: “Iború, iboya!” Àbọrú àbọyè wa ni, ìkíni àwọn onífá. Ọmọ náà kò mọ ohun tí yóò fi dáhùn, ojú sì tì mí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ́ ọ ní ìtumọ̀ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti Manchester:
Ẹ ṣé o. Mo pe bàbá mi lálẹ́ àná. Wọ́n ní kí n bọ́ ọ sínú aṣọ funfun kí n tó wọ wọ́ọ̀dù, kí n sì so ó padà tí mo bá délé. Mo ti kọ lẹ́tà náà.